Ìdajì Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ẹni tí ó bá ti dúró ti ẹbí rẹ̀ rí ní ilé ìwòsàn àgbà ti Atakpamé, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní CHR, yóò ti rí àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n máa ń wọ yàrá àwọn aláìsàn ní òwúrọ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀. Wọ́n lè tó mẹ́ta, wọ́n sì lè tó márùn-ún. Wọ́n á máa tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì àgbà kan láti ibùsùn dé ibùsùn. Ìwé kékeré a máa wà nínú àpò wọn, aago a sì máa wà lọ́wọ́ wọn. Bí nọ́ọ̀sì àgbà bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá bi wọ́n ní ìbéèrè, ọ̀kan á dáhùn, èkejì á wolẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹbí aláìsàn ni kò mọ irú ẹni tí àwọn wọ̀nyí jẹ́. Àwọn kan ń pè wọ́n ní dókítà. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá ti rí i pé ojú wọn ṣì kéré, á sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí fi mí kọ́ṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní ìdí. Bí ọmọ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bá ba pákó jẹ́, ọ̀gá rẹ̀ á wá pákó mìíràn. Ara ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì kan ní gbogbo ayé tí ó di nọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé ó ti fọwọ́ kan aláìsàn nígbà tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun wọ̀nyí. Ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n wá ṣe lọ́dọ̀ wa, nítorí pé àwa tí a dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, àti àwa tí a jókòó tì í, ni a ni apá kan nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Ní orílẹ̀-èdè Tógò, ẹni tí ó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì tí ìjọba mọ̀ gbọ́dọ̀ ka ìwé dé ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó gba ìwé ẹ̀rí bac, kí ó sì yege nínú ìdánwò àbáwọlé. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí a ń pè ní ENAM wà ní Lomé, ó sì wà ní Kara. Àwọn agbẹ̀bí ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ní Lomé. Sokodé ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wà. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń gbà. Láyé àtijọ́, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni àwọn ènìyàn ka ìwé tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ sí. Nǹkan ti yí padà. Ní ọdún 2007, àjọ UEMOA, tí ó kó orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ń ná owó CFA pọ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga gba ìlànà kan náà, èyí tí a ń pè ní LMD. Nínú ìlànà yìí, ẹni tí ó bá lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn bac á gba ìwé ẹ̀rí licence. Wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní crédit ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bí ìgbà tí olówò ń ka apó ọjà rẹ̀. Ọgbọ̀n crédit ni fún ìdajì ọdún kan, nítorí náà 180 ni fún ọdún mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà bá ètò yìí lọ. Àjọ ìlera ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì kó ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àwọn orílẹ̀-èdè wa jọ, kí ẹni tí ó kàwé ní èdè Faransé àti ẹni tí ó kàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun kan náà.

Ní Nàìjíríà, yunifásítì ni wọ́n ti ń gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì ń lò. Àwọn tí wọ́n bá ní ẹbí ní Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye ọdún yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan kò yàtọ̀ níbikíbi: inú ilé ìwòsàn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo apá ńlá nínú àkókò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí apá náà ti tóbi tó. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta àti wákàtí 4,600. Ó kéré tán, ìdajì wákàtí wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ní ilẹ̀ Faransé, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 2009 sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo wákàtí 2,100 ní kíláàsì, kí ó sì lo wákàtí 2,100 ní ilé ìwòsàn. Àwọn elédè Faransé ń pe ìkọ́ṣẹ́ yìí ní stage. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, láti ọdún kìíní ni wọ́n ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ sí stage. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ọmọ tí ó kàwé ní Lomé ní ilé ìwòsàn Atakpamé, níbi tí ẹbí rẹ̀ kò sí, tí ó sì lè má gbọ́ èdè ìlú.

Kí ni ó dé tí wọn kò fi kọ́ gbogbo rẹ̀ tán nínú ìwé? Àwọn aráyé ti gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì. Kí ó tó di ọdún 1860, ẹnikẹ́ni ni ó lè pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú aláìsàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gidi fún un. Ọdún yẹn ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Florence Nightingale, tí ó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú ogun Crimea, dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Inú ilé ìwòsàn gan-an ni ó fi ilé ẹ̀kọ́ náà sí. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń gbọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn aláìsàn lábẹ́ ojú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù wọ́n lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan àwa ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1946, obìnrin Èkó kan tí a bí ní 1915, Kofoworola Abeni Pratt, wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale náà. Olùkọ́ ni ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Èkó. Ìtàn rẹ̀ sọ pé nígbà tí ó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, aláìsàn kan kọ̀ kí ó tọ́jú òun nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó padà sílé, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìdásílẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965. Láti ìgbà náà ni ọmọ Yorùbá ti lè gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láìkọjá òkun. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo máa ń rántí obìnrin yìí.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn lè pa ènìyàn bí a kò bá ṣọ́ ọ. Ní ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria, ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń kọ́ṣẹ́ ní apá kìíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ń kọ́ṣẹ́ ní apá kejì. Àwọn ìyá tí wọ́n bímọ ní apá kìíní ń kú ju ti apá kejì lọ dáadáa. Ní oṣù mìíràn, ẹni tí ó ju 10 lọ nínú ìyá 100 ni ibà ìbímọ ń pa. Àwọn aboyún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé wọn lọ sí apá kìíní. Dókítà Semmelweis rò ó títí. Ní ọdún 1847, ó rí i pé láti yàrá tí wọ́n ti ń la òkú wò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń bọ̀ tààrà, tí wọ́n á sì fi ọwọ́ kan náà yẹ obìnrin wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí kì í la òkú. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn fi omi tí a po oògùn apakòkòrò sí fọ ọwọ́ kí wọ́n tó wọlé. Láàárín oṣù díẹ̀, iye àwọn tí ń kú wálẹ̀ sí nǹkan bí 2 nínú 100. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ gbà á gbọ́, torí ó dun ènìyàn láti gbọ́ pé ọwọ́ òun ni ó gbé ikú wọlé.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lónìí kí ó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ni fífọ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú kan tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, orí èékánná. Ó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí ó sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọjá láti ibùsùn kan sí èkejì láìfọ ọwọ́, ẹ lè sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Olùkọ́ rẹ̀ ì bá sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò jọ iṣẹ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ń wúkọ́ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ó ká aṣọ ọmọ sókè, ó wá dúró, ó ń wo àyà ọmọ náà, ó ń wo aago. Kò sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan gbáko kọjá. Ìyá náà lè rò pé kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n mímí ọmọ ni ó ń kà. Bí ọmọ tí ó ti ju oṣù méjì lọ, tí kò tíì pé ọdún kan, bá mí ní ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, mímí rẹ̀ ti yára jù. Fún ọmọ tí ó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 40 ni. Mímí tí ó yára bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tí ń wúkọ́ lè jẹ́ àmì àrùn ẹ̀dọ̀fóró, tí ń pa ọmọdé púpọ̀. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ máa sunkún nígbà tí wọ́n bá ń kà á, nítorí ẹkún a máa mú kí èémí yára. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró. Aago àti ojú tí kò yẹ̀ ni ohun èlò rẹ̀. A kò lè fi ìwé kọ́ ènìyàn ní sùúrù ìṣẹ́jú kan yẹn. Àfi kí ó dúró ti ọmọ kan, lẹ́yìn náà ọmọ mìíràn, títí tí ojú rẹ̀ á fi mọ èyí tí ó yára àti èyí tí kò yára.

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ń sọ èdè Faransé, orúkọ obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀: Virginia Henderson, ẹni tí ó kú ní ọdún 1996 nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 98. Ó kọ ọ́ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ohun 14 tí ara àti ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti mọ èyí tí aláìsàn kò lè dá ṣe, kí ó bá a ṣe é, títí tí yóò fi lè dá a ṣe. Ó yẹ kí ènìyàn mí, kí ó jẹ, kí ó mu. Ó yẹ kí ó yàgbẹ́, kí ó tọ̀. Ó yẹ kí ó lè rìn tàbí kí ó yí ara padà, kí ó sùn, kí ó wọ aṣọ tí ó bá a mu, kí ara rẹ̀ má gbóná jù, kí ó má tutù jù. Ó yẹ kí ara rẹ̀ mọ́, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Mẹ́sàn-án nìyẹn, ti ara sì ni gbogbo wọn. Márùn-ún tí ó kù ni mo fẹ́ràn jù: kí ó lè bá ẹlòmíràn sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ó lè sin Ọlọ́run bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti rí, kí ó ní iṣẹ́ tí yóò mú kí ó rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó wúlò, kí ó lè ṣeré, kí ó sì lè kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ẹni ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó mọ ìwé kà, ẹ wò ó: obìnrin yìí ka kíkọ́ ẹ̀kọ́ mọ́ ohun tí ènìyàn nílò, bí oúnjẹ àti oorun.

Ẹ fojú inú wo bàbá àgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí ó dùbúlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á rí ẹsẹ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba inú ohun 14 náà kọjá. Ṣé bàbá ń jẹun? Ọjọ́ mélòó ni ó ti yàgbẹ́ kẹ́yìn? Ṣé awọ ara rẹ̀ ń pọ́n ní ìdí tàbí ní gìgísẹ̀? Awọ tí ó pọ́n bẹ́ẹ̀ lè di egbò tí yóò jinlẹ̀ dé egungun, àyàfi bí wọ́n bá ń yí bàbá padà ní wákàtí méjì-méjì. Ṣé ó ń rí ibi kírun tàbí ibi gbàdúrà? Ta ni ó ń bá a sọ̀rọ̀? Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ènìyàn ń mọ gbogbo èyí. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà fi ń padà wá sọ́dọ̀ bàbá kan náà lójoojúmọ́, tí bàbá á fi máa béèrè pé: “Ìwọ tún dé?”

Níbi ohun kẹwàá, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ, ni ìṣòro wà ní Atakpamé. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ àgbàlagbà ní ìwé, ibẹ̀ ni etí mi ń wà. Ìlú wa jẹ́ oríta èdè. Àwọn ará Ifè, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ní Djama, ní Gnagna àti ní Woudou, ń sọ èdè tí ó bá Yorùbá tan. Àwọn ẹlòmíràn ń sọ Ewe, Kabiyè, tàbí Akposso. Ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èdè Faransé ni. Ìwé tí wọ́n ń kọ nípa aláìsàn, èdè Faransé ni. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí inú ń run kì í fi èdè Faransé jẹ̀rora.

Àwọn kan á ní, ṣebí ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ kò rọrùn bí a ti rò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè Yorùbá: inú. Bí obìnrin bá ní “Inú ń run mí”, ikùn ni ó ń sọ. Bí ó bá ní “Inú mi bàjẹ́”, ikùn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ìbànújẹ́ ni. Bí ó bá ní “Inú ń bí mi”, ìbínú ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ “inú” nìkan, tí ó sì kọ “ikùn” sínú ìwé ní èdè Faransé, ó lè fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ní oògùn inú rírun. Bákan náà ni àyà. “Àyà ń dùn mí” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sáré sí. “Àyà mi ń já” jẹ́ ẹ̀rù. “Ó rẹ̀ mí” le jù gbogbo wọn lọ, nítorí ẹni tí ó ti oko dé ń sọ ọ́, ẹni tí àìsàn ńlá ń ṣe sì ń sọ ọ́. Àfi kí a tún béèrè.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti àṣírí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ní kí ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń lọ sí ilé ìwé túmọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá wo ni yóò sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ láti ẹnu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin? Yóò ní kò sí nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan.

Nínú èdè wa, ọ̀wọ̀ gan-an jẹ́ ara ìtọ́jú. A kì í bi àgbà léèrè bóyá ó ti ṣu, a ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti yàgbẹ́ láàárọ̀ yìí?” Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ “ẹ” yàtọ̀ sí “o” á gba ìdáhùn tí ẹlòmíràn kò ní gbà. Àní ìkíni wa jẹ́ àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá wọlé tí ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, mà, ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ẹ rí oúnjẹ jẹ?” ti béèrè ohun méjì nínú ohun 14 ti Henderson kí ó tó yọ aago rẹ̀ jáde.

Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ kò parí sí gbígbọ́ ọ̀rọ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ lè kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀ràn ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì wa. Wọ́n á fún ìyá ní oògùn ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kékeré, èyí tí ń dá omi padà sínú ara ọmọ. A gbọ́dọ̀ po ọ̀rá kan mọ́ omi tí ó mọ́, lítà kan. Ṣùgbọ́n kí ni lítà kan lójú ẹni tí kò kàwé? Ìgò omi tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà wa gba lítà kan àti ààbọ̀. Bí ìyá bá kún ìgò náà dé ẹnu, oògùn á ṣàn jù. Bí ó bá lo ife kékeré, iyọ̀ á pọ̀ jù, ó sì lè pa ọmọ lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ á mú ìgò ìyá náà fúnra rẹ̀, á wọn omi sínú rẹ̀, á fi àmì sí ibi tí lítà kan dé, á sì ní: “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ṣe é kí n rí i.” Bí ìyá bá ṣe é tán láìṣì í, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ fún un pé oògùn zinc tí wọ́n fún ọmọ náà kò gbọdọ̀ dúró kí ó tó pé ọjọ́ 10, bí ìgbẹ́ náà tilẹ̀ ti dá. Níbi “ẹ ṣe é kí n rí i” yìí ni mo ti mọ̀ pé olùkọ́ àgbàlagbà àti nọ́ọ̀sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ní èrò tèmi, ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ka èdè ìlú mọ́ ẹ̀kọ́ stage, kí wọ́n sì dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí rẹ̀ bí wọ́n ti ń dán an wò lórí abẹ́rẹ́. Kò nílò ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ ìkíni, orúkọ ẹ̀yà ara, ìka ọjọ́ àti oṣù, àti ìbéèrè bí ogún, ojú rẹ̀ á là. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà wà ní ìlú wa ní ìrọ̀lẹ́. Èwo ni ó burú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wá jókòó tì wá fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀? Àwa á fún wọn ní ọ̀rọ̀, àwọn náà á ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn fún wa. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀tọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tí ó dúró níwájú òun. Ó lè béèrè orúkọ rẹ̀, ọdún kelòó tí ó wà, àti nọ́ọ̀sì tí ń ṣọ́ ọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́ tàbí kí ó di egbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wà ní ìtòsí. Kí ó tó fún ènìyàn ní oògùn, ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni náà ni, pé oògùn náà ni, pé ìwọ̀n rẹ̀ pé, pé ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà wọ ara ni, pé àkókò rẹ̀ sì ti tó. Bí ó bá pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má bínú. Aláìsàn lè kọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ̀, kí ó wò ó bóyá nọ́ọ̀sì àgbà wà níbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọwọ́ méjì àti ojú mẹ́rin ni ó ń tọ́jú yín. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a máa kọ̀ ni kí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá yí ibùsùn kan ká, kí wọ́n sì ṣí aṣọ aláìsàn bí ẹni pé ọjà ni. Níbẹ̀, ìtìjú aláìsàn ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ kan dáadáa, nọ́ọ̀sì tí ń ṣọ́ ọ á fọwọ́ sí i. Bí ìwé náà bá kún, tí ó sì yege nínú ìdánwò àbájáde, ó di nọ́ọ̀sì. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni yóò dúró ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n á rán ọ̀pọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré abúlé, èyí tí a ń pè ní USP. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí dókítà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ni olórí. Ní alẹ́, tí ojú ọ̀nà ṣókùnkùn, alùpùpù kan á dúró, obìnrin kan á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á di ikùn rẹ̀ mú. Kò sí ọmọ ilé ìwé kan ní tòsí tí yóò túmọ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun náà á gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni ó ní àyè láti béèrè: “Láti ìgbà wo ni? Oyún yìí ti pé oṣù mélòó? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń wá?” Èsì obìnrin náà ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá kí alùpùpù náà dúró dè é, tàbí kí ó yíjú sí ọ̀nà Atakpamé lójú ẹsẹ̀.